Ṣé àṣà ló fa ìjà náà, àbí aago ìpàdé?

Ìbéèrè

"Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí. Mo gba oyè másítáàsì nínú sáíkọ́lọ́jì, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tó ní ọ́fíìsì ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí n fi ọjọ́ kan dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí àwọn tí àṣà wọn yàtọ̀ síra ṣe lè jọ ṣiṣẹ́. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo fẹ́ kí ó di iṣẹ́ tí n óò máa ṣe jẹun. Wọ́n tún ti ní kí n ṣe òmíràn lóṣù tó ń bọ̀, torí ẹ̀ka méjì ń bá ara wọn jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ akáǹtáǹtì sọ pé ariwo lásán ni, pé òun kò tíì rí ẹni tí síláìdì yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ gidi ni? Kí ló yẹ kí n kọ́ sí i? Ṣé dandan ni kí n gba oyè ọ̀mọ̀wé? Ṣé n kò sì ti pẹ́ jù, nígbà tí àwọn kan ti ń pa ẹ̀ka diversity wọn rẹ́, ẹ̀ka tó ń rí i pé oríṣiríṣi ènìyàn rí àyè níbi iṣẹ́?"

Ìdáhùn

Àbúrò mi, ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Iṣẹ́ gidi ni. Ó sì tún wà lára àwọn iṣẹ́ tí ènìyàn lè ṣe fún ogún ọdún láìmọ̀ pé òun kò ṣe nǹkan kan, torí àtẹ́wọ́ kì í wọ́n níbẹ̀. Mo ti gba àtẹ́wọ́ yẹn rí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀, nítorí òun ló kọ́ mi níṣẹ́ ju ìwé lọ.

Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, iléeṣẹ́ kan ránṣẹ́ pè mí. Àwọn ẹnjiníà wọn wà ní orílẹ̀-èdè kan, àwọn tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ wà ní òmíràn, ọ̀rọ̀ wọn kò sì wọ̀. Àwọn tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ní àwọn ẹnjiníà a máa dákẹ́ nínú ìpàdé, wọn a mi orí pé àwọn ti gbọ́, tí ọjọ́ bá sì pé, iṣẹ́ kò ní í sí nílẹ̀. Ọ̀gá wọn sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ àṣà ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀ láìbéèrè, àbí kí ni mo gba owó fún? Mo kó ìwé mi jọ, mo ya àwòrán òpó-òpó tó fi hàn bí orílẹ̀-èdè méjèèjì ṣe yàtọ̀ nínú bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tó jù wọ́n lọ, àti nínú bí ara wọn ṣe ń gba ohun tí kò dájú. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi sọ ọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Máàkì tí wọ́n fún mi nínú ìwé tí wọ́n kọ ní òpin rẹ̀ pọ̀ débi pé mo fi han ìyá mi.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ni mo padà lọ síbẹ̀ fún nǹkan mìíràn. Ọ̀gá kékeré kan ń mú òṣìṣẹ́ tuntun mọ iṣẹ́, mo sì fi etí ara mi gbọ́ ohun tó sọ: "Àwọn tọ̀hún yẹn, nọ́ńbà ìbẹ̀rù ọ̀gá wọn ga. Má wulẹ̀ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rò." Ọ̀rọ̀ mi ló ń sọ. Kí n tó dé, èrò ọkàn lásán ló ní nípa àwọn ènìyàn yẹn. Èmi ni mo fún un ní nọ́ńbà tó fi tì í lẹ́yìn.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jókòó ti àwọn tí wọ́n ní wọ́n ń dákẹ́ náà. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni ìpàdé ń bọ́ sí lọ́dọ̀ wọn. Èdè tí wọ́n fi ń ṣe é kì í ṣe èdè abínibí wọn, àwọn yòókù sì ń sọ ọ́ bí ẹni tí ẹṣin ń lé. Ẹni tó bá lè yánu sọ pé iṣẹ́ kan kò ní í parí lọ́jọ́ tí wọ́n dá, orúkọ rẹ̀ a wọ ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá iṣẹ́ dúró, ìwé náà a sì dé iwájú ọ̀gá àgbà. Ta ni kò ní í dákẹ́? A pín ìnira aago náà: oṣù kan fún àwọn wọ̀nyí, oṣù kan fún àwọn wọ̀nyẹn. Àwọn ohun tí a fẹ́ sọ ń dé ọwọ́ gbogbo wọn ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìpàdé. A yọ orúkọ ènìyàn kúrò nínú àkọsílẹ̀ ìdádúró. Ìjà wọn kò tán pátápátá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ẹnu àwọn ẹnjiníà sì là.

N kò sọ pé àṣà kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà o. Ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti ká ẹjọ́ sí àṣà lórí, torí kò ní ẹnu tí yóò fi wí tẹnu rẹ̀. Iṣẹ́ onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá (psychologist) nínú ọ̀ràn yìí ni láti wo ibi tí àwọn ènìyàn ti ń bá ara wọn pàdé, kí ó tún ibẹ̀ ṣe, kí ó sì wọn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kíkọ́ni wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló tóbi jù níbẹ̀. Gbogbo ohun tí n óò sọ fún ọ láti ibí lọ, orí èyí ló dúró lé.

Ó yẹ kí o mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá, nítorí odò méjì ló pàdé di ọ̀kan, wọn kò sì dàpọ̀ tán títí di òní.

Odò àkọ́kọ́ ni ti àwọn tó ń kọjá ààlà. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ìjọba Amẹ́ríkà ní ibi ẹ̀kọ́ kan fún àwọn aṣojú tí wọ́n ń rán lọ sílẹ̀ òkèèrè, Foreign Service Institute. Edward T. Hall kọ́ wọn níbẹ̀ láàárín 1951 sí 1955. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ àlàyé gígùn nípa ohun tí àṣà jẹ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ènìyàn ń ṣe nígbà tí ẹni tó wá rí bá mú un jókòó fún wákàtí kan láìjáde sí i. Hall bá kọjú sí nǹkan kéékèèké: bí a ṣe ń lo àkókò, bí ènìyàn ṣe ń sún mọ́ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ tó, ohùn, ojú, ìdákẹ́jẹ́. Ìwé rẹ̀ The Silent Language jáde ní 1959, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ka ìyẹn sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí.

Onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ni Hall. Àwọn tiwa, onímọ̀ ìhùwàsí, wọlé ní àwọn ọdún 1960. Ní Yunifásítì Illinois, Fred Fiedler, Harry Triandis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ohun kan tí wọ́n pè ní culture assimilator. Ìtàn kékeré ni, nípa ẹni méjì tí ọ̀rọ̀ wọn forí gbárí. Àlàyé mẹ́rin á tẹ̀ lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú ọ̀kan, á sì ka ìdí tí èyí tó mú fi tọ̀nà tàbí tí kò fi tọ̀nà. Ó jọ eré ọmọdé. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ wà níbi tí kò hàn sójú: ó ń kọ́ ènìyàn láti má gba àlàyé àkọ́kọ́ tó bá sọ sí i lọ́kàn. Bí ẹnì kan bá pẹ́ dé, ọkàn wa á ti dájọ́ pé aláìbìkítà ni. Bí àwa fúnra wa bá pẹ́ dé, ọkọ̀ ló dá wa dúró. Ní 1977, Lee Ross fún àṣìṣe yìí lórúkọ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sáíkọ́lọ́jì mọ̀, fundamental attribution error, o sì ti kà á kọjá nílé ẹ̀kọ́. Padà lọ kà á. Òun ni irinṣẹ́ tí ìwọ ní, tí ẹni tó kàn rìnrìn àjò púpọ̀ kò ní.

Àwòrán òpó-òpó tí mo fi tan ara mi jẹ ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Geert Hofstede, ará Netherlands, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wá. Ó lo ìwé ìbéèrè tó ju 100,000 lọ tí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM dáhùn káàkiri ayé láàárín 1967 sí 1973, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1980. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò ní í bá àwọn tó ń ṣáátá rẹ̀ ṣáátá rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ìṣirò orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ni àwọn nọ́ńbà náà, wọn kì í ṣe ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí o bá mọ ìwọ̀n gíga gbogbo ará ìlú kan ní ìpíndọ́gba, ìyẹn kò sọ fún ọ bí ẹni tó jókòó níwájú rẹ ṣe ga tó. O ní láti gbójú sókè wò ó. Àwa olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ni a ju ìkìlọ̀ yẹn nù, nítorí àwòrán máa ń tà ju ìkìlọ̀ lọ.

Odò kejì kò ti òkè òkun wá. Inú ilé ló ti ṣàn. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1964 sọ ọ́ di èèwọ̀ láti fi àwọ̀, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti wá, tàbí jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin du ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n ń bẹ̀rù ilé ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n wá ń pè ní diversity ti hù, ó sì tàn dé ilẹ̀ mìíràn, oníkálùkù pẹ̀lú òfin tirẹ̀.

Ìdí tí mo fi pín wọn sí méjì rèé. Odò àkọ́kọ́ gbà pé àìgbọ́ra-ẹni-yé ni wàhálà: ẹni méjì tí wọ́n ní ọkàn rere, tí wọn kò mọ ìtumọ̀ ìwà ara wọn. Odò kejì gbà pé ìrẹ́jẹ ni wàhálà: ẹnì kan ní agbára, ẹnì kejì kò ní. Oògùn ọ̀kan kò wo èkejì. Bí wọ́n bá ń fi owó oṣù ẹnì kan jẹ ẹ́, tí o wá fi ọjọ́ kan kọ́ òun àti ọ̀gá rẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa gbọ́ ara wọn yé, o ti bá wọn fi aṣọ bo egbò tí kòkòrò wà nínú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé àìgbọ́ra-ẹni-yé lásán ni, tí o wá dé tí o ń ka ẹ̀sùn ìrẹ́jẹ sí ẹnì kan lẹ́sẹ̀, o ti dá ọ̀tá tí kò sí tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ni wọ́n kì í sábà gbà pé àwọn ṣe.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dá akáǹtáǹtì lóhùn.

Ní 2006, Alexandra Kalev, Frank Dobbin àti Erin Kelly gbé ìwádìí kan jáde lórí iléeṣẹ́ aládàáni 708 ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Wọn kò béèrè bóyá inú àwọn òṣìṣẹ́ dùn sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí wọ́n wò ni iye obìnrin àti ènìyàn dúdú tó di ọ̀gá. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà lára ohun tó so èso kéré jù. Èyí tó so jù ni pé kí iléeṣẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà lé ẹnì kan tàbí ìgbìmọ̀ kan lọ́wọ́, tí wọn yóò máa bi í ní èsì rẹ̀. Wíwá àgbà òṣìṣẹ́ tí yóò máa tọ́ ọ̀dọ́ sọ́nà wà láàárín méjèèjì. Dobbin àti Kalev tún kọ̀wé ní 2016 pé níbi tí wọ́n ti fi dandan mú àwọn ọ̀gá wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, iye àwọn kan tí wọ́n fẹ́ gbé ga tilẹ̀ dínkù sí i. Ẹni tí o bá fi ipá mú jókòó, apá kan ọkàn rẹ̀ á máa wá bí yóò ṣe fi hàn ọ́ pé o kò lè fi ipá mú òun.

Ti ẹ̀tanú abẹ́nú ńkọ́, èyí tí ènìyàn kò mọ̀ pé òun ní? Ìwádìí kan tí Calvin Lai àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2016 dán ọ̀nà mẹ́sàn-án wò lára àwọn tó lé ní 6,000. Gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló mú un rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sí èyí tó pẹ́. Láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ díẹ̀, ó ti padà síbi tó wà. Nígbà tí Starbucks, iléeṣẹ́ tó ń ta kọfí, ti ilé ìtajà rẹ̀ tó lé ní 8,000 ní Amẹ́ríkà pa fún ọ̀sán ọjọ́ kan, 29 Oṣù Karùn-ún 2018, láti fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ nípa ẹ̀tanú, àwọn oníròyìn ń bi àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ bóyá yóò ṣiṣẹ́. Ìdáhùn mi nígbà náà ni pé títi tí wọ́n ti ilẹ̀kùn sọ ohun kan fún òṣìṣẹ́ tí síláìdì kò lè sọ: pé ọ̀gá gbà kí owó lọ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀kọ́ wákàtí díẹ̀ náà fúnra rẹ̀, n kò ní ìrètí púpọ̀ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ rẹ gba máàkì tó dáa. Ibi tí ó kù sí nìyí: ó rò pé bí síláìdì kò bá yí ènìyàn padà, a jẹ́ pé kò sí ohun tó ń yí wọn padà. Láti 1954 ni Gordon Allport ti kọ ọ́ pé tí àwọn ẹ̀yà méjì bá ń bá ara wọn pàdé, ẹ̀tanú lè dínkù bí nǹkan mẹ́rin bá wà níbẹ̀: kí ipò wọn dọ́gba, kí ó jẹ́ ohun kan náà ni wọ́n ń lé, kí ẹnì kankan má lè dá a lé bá láìsí ìkejì, kí àwọn aláṣẹ sì fọwọ́ sí i gbangba. Ní 2006, Thomas Pettigrew àti Linda Tropp kó ìwádìí 515 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì fi hàn pé lóòótọ́ ni ìpàdé ń dín ẹ̀tanú kù. Wá padà wo ìpàdé aago mẹ́wàá alẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà níbẹ̀?

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú àwọn ìwádìí tuntun ni ti Salma Mousa, tó jáde ní 2020. Ó ṣètò ìdíje bọ́ọ̀lù fún àwọn Kristẹni tí ISIS lé kúrò nílé wọn ní Iraq. Ó ṣẹ́ kèké: àwọn ẹgbẹ́ kan jẹ́ Kristẹni nìkan, ó fi àwọn Mùsùlùmí kún àwọn ẹgbẹ́ kan. Nígbà tí ìdíje parí, àwọn Kristẹni tó bá Mùsùlùmí gbá bọ́ọ̀lù pọ̀ ló múra jù láti tún wà nínú ẹgbẹ́ alápapọ̀, àwọn ló sì ń bá Mùsùlùmí ṣeré ìdárayá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá pápá: lílọ jẹun nílé oúnjẹ ní Mosul, ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí jù, kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Fi ìdajì kejì yìí sọ́kàn bí o ṣe fi ìdajì àkọ́kọ́ sọ́kàn. Kí o tó sọ fún oníbàárà pé iṣẹ́ rẹ á tún gbogbo ayé ṣe, rántí pé bọ́ọ̀lù oṣù méjì tún pápá bọ́ọ̀lù ṣe.

Ní Rwanda, Elizabeth Levy Paluck fi ọdún kan wo àwọn tó ń gbọ́ eré orí rédíò kan tí wọ́n ṣe nítorí ìlàjà, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2009. Eré náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí ohun tí àwọn olùgbọ́ gbà gbọ́ nínú ọkàn wọn padà. Ohun tó yí padà ni èrò wọn nípa ohun tí àwọn ènìyàn bíi tiwọn ń ṣe, àti bí wọ́n ṣe ń hùwà láàárín ara wọn. Ẹ ò rí i bí ó ti rí: ènìyàn kì í dúró de ọkàn rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ lé àwọn tó yí i ká.

Ṣé gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wá di asán nìyẹn? Rárá. Èmi ṣì ń ṣe é. Nígbà tí Katerina Bezrukova àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo èsì ogójì ọdún ní 2016, wọ́n rí i pé ìmọ̀ tí ènìyàn gbà máa ń dúró, èrò ọkàn ló ń sá padà, àti pé ẹ̀kọ́ tó gùn, tó bá àwọn ètò mìíràn rìn, ló dáa ju èyí tí a ṣe lọ́jọ́ kan tí a fi sílẹ̀. Mo máa ń lo eré káàdì kan tí Sivasailam Thiagarajan ṣe ní 1980, Barnga lorúkọ rẹ̀. Àwọn ènìyàn á jókòó yí tábìlì mẹ́rin tàbí márùn-ún ká. Tábìlì kọ̀ọ̀kan ní ìwé òfin eré. Wọ́n á kà á, wọ́n á fi dánra wò, a óò sì gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá jáwé olúborí á lọ sí tábìlì mìíràn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé òfin tábìlì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ díẹ̀ sí ti èkejì. Kò pẹ́ tí wàá fi rí i tí ẹni méjì nawọ́ sí káàdì kan náà, tí oníkálùkù ń wo ẹnì kejì bí olè. Mo ti rí ọ̀gá àgbà tó dì mọ́ káàdì, tí ojú rẹ̀ pọ́n, nítorí eré tí kò ní owó nínú.

Ṣùgbọ́n eré náà kọ́ ni iṣẹ́. Ìjíròrò tó tẹ̀ lé e ni, ibẹ̀ sì ni a ti ń mọ ẹni tó gbọ́ iṣẹ́. Mo máa ń béèrè ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ fura pé òfin lè má jẹ́ ọ̀kan, àti ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n fura. Àwọn kan á ní àwọn kàn tẹ̀ lé ti tábìlì tí àwọn bá, torí àlejò ni àwọn. Àwọn kan á ní àwọn fi òfin tàwọn lé wọn lórí, torí àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni àwọn. Mo á wá bi wọ́n léèrè pé, "Nínú ọ́fíìsì yín, ta ló ń ṣí láti tábìlì kan lọ sí òmíràn?" Lẹ́yìn ìbéèrè yìí, mo máa ń pa ẹnu mi mọ́. Ó gbà mí tó ọdún mẹ́rin kí n tó mọ bí a ṣe ń pa ẹnu mọ́.

Èyí gbé wa dé orí ohun tó yẹ kí o kọ́. O ti mọ ìṣirò inú ìwádìí; má jẹ́ kí ó dípẹtà, torí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò lè sọ bóyá iṣẹ́ àwọn ṣiṣẹ́. Ọ̀nà kan wà tí kò ná ọ ní kọ́bọ̀: bí ẹgbẹ́ mẹ́wàá bá wà láti kọ́, ṣẹ́ kèké, kí o kọ́ márùn-ún lóṣù yìí àti márùn-ún lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí o sì fi àwọn tó ń dúró wé àwọn tó ti kọ́. Wọn ohun tí ojú lè rí: ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé, ta ló ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, ta ni wọ́n ń gbé ga. Kọ́ bí a ṣe ń fọ̀rọ̀ wá ènìyàn lẹ́nu wò, àti bí a ṣe ń dá agbo ènìyàn tó ti ń gbóná padà. Kọ́ èdè kan tí kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí o sì fi ṣe ìpàdé, kí o lè mọ bí ọlọ́gbọ́n ṣe ń di òmùgọ̀ nínú èdè ẹlòmíràn. Bí ó bá ṣeé ṣe, lọ gbé níbi tí ìwọ ti jẹ́ àjèjì. Ní 1954 ni Kalervo Oberg sọ̀rọ̀ ní Rio de Janeiro lórí ohun tó ń ṣe ẹni tó bá di àjèjì, tí gbogbo àmì tó mọ̀ ti parẹ́ mọ́ ọn lójú. Ó dáa láti kà á. Láti là á kọjá yàtọ̀.

Òfin ọwọ́ kan wà tí n kì í rú. N kì í sọ ẹni kan ṣoṣo tó yàtọ̀ nínú yàrá di ìwé tí àwọn yòókù ń kà. "Ìwọ tí o ti ibẹ̀ wá, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?" Ó jọ ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ìyà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kì í gbà kí ẹnikẹ́ni sọ ìrora rẹ̀ níwájú ọ̀gá tó ń kọ máàkì rẹ̀, bó ti wù kí ó fẹ́ sọ ọ́ tó.

Ní ti ibi tí oúnjẹ ti ń wá: àwọn kan wà nínú iléeṣẹ́ bíi tìrẹ, àwọn kan dá dúró gẹ́gẹ́ bí agbaninímọ̀ràn, àwọn kan wà ní yunifásítì, àwọn kan wà pẹ̀lú àwọn àjọ tó ń ran ará ìlú tí ogun lé lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn ni wọ́n máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Bí aláìsàn bá dé tí kò gbọ́ èdè, tí nọ́ọ̀sì fi ọmọ rẹ̀ ọdún mẹ́wàá ṣe ògbufọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò kọ́ wọn ìdí tí kò fi yẹ, tí yóò sì bá wọn ṣètò ògbufọ̀ gidi. Àwọn tó dá dúró máa ń rí iṣẹ́ gbà nípasẹ̀ ẹni tó mọ̀ wọ́n; ọdún méjì àkọ́kọ́ le, má fi iṣẹ́ oṣù rẹ sílẹ̀ lónìí.

Oyè ọ̀mọ̀wé kò pọn dandan láti kọ́ni tàbí láti gbani nímọ̀ràn. Ó pọn dandan bí o bá fẹ́ yunifásítì tàbí ìwádìí ńlá. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra fún ohun kan: ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, òfin ló ń dá ààbò bo orúkọ "psychologist". Ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ fi pe ara rẹ̀, kódà bí ó bá ní másítáàsì méjì. Wádìí ti ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́ kí o tó tẹ káàdì.

O béèrè bóyá o ti pẹ́ jù. Ní Oṣù Kìíní 2025, ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àwọn àṣẹ tó fòpin sí ètò DEI (diversity, equity, inclusion), ìyẹn ètò diversity tí mo ń sọ, nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, àwọn iléeṣẹ́ ńlá kan sì pa tiwọn rẹ́ tàbí kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ dà. Mo mọ àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, n kò sì ní í fi ṣeré. Ohun tí mo rí ni pé àwọn tó ń ta orúkọ ni ó kọ́kọ́ kàn. Iléeṣẹ́ méjì ṣì ń dàpọ̀, dókítà ṣì ń tọ́jú ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan ṣì wà ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta. Bí o bá lè sọ fún ọ̀gá pé ìjà yìí ń mú iṣẹ́ pẹ́, pé ohun tó fà á nìyí, pé bí a ṣe máa mọ̀ tó bá dáa nìyí, kò ní í bi ọ́ ní orúkọ tí o fún un.

Ó wá ku ti oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀ka méjì tó ń jà. Má tíì ṣí kọ̀ǹpútà. Lọ bá ẹni mẹ́ta ní apá kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan, níbi tí ọ̀gá wọn kò sí. Má béèrè àṣà. Béèrè pé: ìgbà wo lẹ jọ ṣiṣẹ́ kẹ́yìn tí ó dáa, kí ló wà níbẹ̀ nígbà náà? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá sọ pé rárá? Aago mélòó ni ìpàdé yín? Kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bí o bá rí i lẹ́yìn ìyẹn pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ni wọ́n nílò, sọ fún ọ̀gá rẹ bẹ́ẹ̀. Ó lè bínú díẹ̀, torí ó ti san owó yàrá ìpàdé.